Ọmọ Tí Ilẹ̀kùn Ò Rí

Ilẹ̀kùn ilé ìwé kọ̀, kò ṣí fún Ẹniìtàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ náà dúró síwájú ẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún un tẹ̀, ilẹ̀kùn ní, "Kò sí ẹnì kankan níbí." Àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn ẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín yẹn gbẹ lẹ́nu wọn. Èèyàn tí gbogbo yín ń wò kòrókòró, kí ilẹ̀kùn wá máa pariwo pé kò sí! Ta ni ò ní bẹ̀rù?

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Àṣàbí ìyá ẹ̀ wà nílé tiẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdaminù kíṣìnnì, ó ń fa ẹja.

Ẹ ṣáà mọ bí ilé wọn ṣe rí ní Ẹ̀pẹ́ látìgbà tí ọ̀sà ti gba ilẹ̀. Orí àgbá ni wọ́n kọ́ ilé lé, okùn ni wọ́n fi so ilé mọ́ ilé, kí tìrẹ má baà já lálẹ́ kí ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ lọ jí sí Ìkòròdú. Tó o bá ṣí ihò kíṣìnnì, omi ló wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Àṣàbí ti ń pa òbòkún. Kì í kúkú ṣe apẹja, ó ń fọ iyọ̀ òkun kúrò lára pátákó oòrùn lórí òrùlé àwọn èèyàn ni. Àmọ́ láti bí oṣù mélòó kan, ẹja ò yéé kóra jọ sábẹ́ ilé ẹ̀. Tó bá ju ìwọ̀ sí i, kò ní tíì mí tán tí wọ́n á ti gbé e mì.

"Olúwa mi, mo dúpẹ́ o," ló ń sọ bó ṣe ń fa okùn. "Nínú gbogbo ilé tó wà lójú omi yìí, tèmi lo rí. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá."

Ìyá Rùkáyà yọrí lójú fèrèsé ilé kejì. "Ìyá Ẹniìtàn! Kí lo fi ń tan àwọn ẹja yìí ná? Èmi tí mò ń ju èèpo ẹ̀gẹ́ sómi látàárọ̀, akàn kan ò bá mi ṣeré!"

"Ojú rere ni!"

"Sọ fún ojú rere kó yà lọ́dọ̀ mi náà, àdírẹ́ẹ̀sì mi ò jìnnà."

Àṣàbí wo ọ̀fun obìnrin náà, ibi tí iná afinúhàn ẹ̀ wà, ẹ̀rọ tí gbogbo wọn so mọ́ ọ̀fun àti etí. Ó ti ń tan yẹ́lò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohùn kékeré inú etí Àṣàbí sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ó fẹ́ ẹja. Inú ẹ̀ dùn sí ọ."

"Ọ̀fun ẹ ti ń yẹ́lò o, Ìyá Rùkáyà! Màá bu ìdajì ránṣẹ́ sí ẹ, má jẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí i."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn. Ta ló tún ń bi ẹnì kejì ẹ̀ pé kí ló ń ṣe ọ́? Ó ti wà lọ́fun ẹ̀, etí ẹ á kà á fún ẹ. Tó o bá bèèrè, á dà bíi pé o rí orúkọ èèyàn láyà aṣọ ẹ̀ tán, o tún ń bi í pé kí ni wọ́n ń pè ọ́. Ìwà àìmọ̀kan ni.

Ó ti gbé ẹja náà sórí pátákó, ó ti fi ọ̀bẹ sí i nínú, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi funfun kan gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kò dún rárá. Ọkọ̀ ìjọba kì í dún. Anti Jọkẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀, òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán wá nítorí oúnjẹ ọmọdé, táwọn ọmọ ń pè ní Anti Abọ́ tí ò bá sí nítòsí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ẹniìtàn, nínú súẹ́tà nípọnnípọn, pẹ̀lú oòrùn tó mú tó yẹn.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀ o, Anti. Ẹniìtàn, kí lo wá ṣe nílé? Ṣé kò sí?"

Iná ọ̀fun ọmọ náà tan búlúù, búlúù tó tutù mini bó ṣe máa ń rí. "Ọkàn ẹ̀ balẹ̀," ohùn etí sọ fún Àṣàbí. "Ó yó."

"Ilẹ̀kùn ò rí i, mà," Anti Jọkẹ́ sọ.

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ti ilé ìwé. Ó ní bí ìwọ̀n ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ tó kó tó mọ̀ pé èèyàn ló dúró. Ti Ẹniìtàn ò tó mọ́."

Àṣàbí bú sẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn ti bàjẹ́ nìyẹn! Ẹ jẹ́ ká bi abọ́ ẹ̀. Abọ́, sọ̀rọ̀!"

Abọ́ ìjọba tó wà lórí tábìlì dáhùn bíi ọmọ tó mọ̀wé, "Àná, ó jẹun tán. Ìjẹta, ó jẹun tán. Ẹ kú iṣẹ́ òbí."

"Ẹ gbọ́ ọ? A dúpẹ́, abọ́."

Ihò ìdaminù ni Anti Jọkẹ́ ń wò. Lẹ́yìn náà ó wo ẹja. Àṣàbí, tí ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ̀ lé ojú ẹ̀, ó sì wo nǹkan tó ń tú jáde nínú ẹja náà.

Ìkókórẹ́ ni. Ìkókórẹ́ ìrọ̀lẹ́ àná, tó fi epo, edé àti ẹja gbígbẹ sè fúnra ẹ̀, tó dúró ti ewùrà lórí iná títí tó fi dì bó ṣe wu òun. Ó kún inú ẹja bámúbámú, kò tíì dà, edé ẹ̀ ṣì pọ́n.

Àṣàbí gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà ọ́," ohùn etí sọ fún un. Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. Búlúù, kò yẹ̀.

"Ẹniìtàn. Àwọn ẹja yìí… ìwọ lò ń bọ́ wọn?"

Ọmọ náà wolẹ̀.

Oṣù mélòó kan ni Àṣàbí ti ń fi òbòkún wọ̀nyẹn se ọbẹ̀, tó ń dúpẹ́, tó ń bu ẹran ẹ̀yìn fún ọmọ ẹ̀, tí ọmọ ń dà á padà sí wọn, tí wọ́n ń sanra, tó tún ń fà wọ́n jáde. Ẹ ò rí nǹkan!

Anti Jọkẹ́ fa gíláàsì pẹlẹbẹ kan yọ, ibi tí wọ́n máa ń tẹ ìka sí. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú. "Ilé Ìmúyó ló kàn, mà. Òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ amúyó sí i lẹ́yìn etí, ẹ̀rọ yẹn ni yóò máa sọ fún un pé kó jẹun, á sì jẹ ẹ́. Ẹ lè máa wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ṣáà tẹ ìka yín síbí."

"Ẹ̀rọ á ní kó jẹun. Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

"Á yè, mà. Bó ṣe wà yìí, ọkàn ẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkígbà. Mi ò ní tàn yín."

"Ó máa yè lóòótọ́ o." Ìyá Rùkáyà ni. Kò tíì kúrò lójú fèrèsé, ìgbà wo ló tiẹ̀ máa ń kúrò? Àmọ́ ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. "Èmi tẹ ìka, Ìyá Ẹniìtàn, ìwọ náà mọ̀. Rùkáyà ò kú, wọ́n ti dá a padà wálé. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, màá sì máa dúpẹ́ títí. Tó o bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́. Tó o bá bi í pé èwo ló wù ẹ́, á ní, 'Gbogbo ẹ̀, Màámi.' Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń wá ohun tí ò wu ọmọ yẹn." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Anti, ẹ sọ fún un nípa Ìjókòó Ẹnu. Èmi ò gbọ́ nípa ẹ̀ àfìgbà tó ti tán."

Anti Jọkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

"Ó wà nínú òfin lóòótọ́. Ẹ̀yin méjèèjì á bọ́ afinúhàn. Ẹ jókòó ti oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún mi, pẹ̀lú ẹnu ara yín, ohun tó wà nínú ọmọ yín. Tí ọmọ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á gbélé, nọ́ọ̀sì á máa wá láràárọ̀, a ó jọ máa tọ́jú ẹ̀ níbí."

"Tó bá wá ní bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó ń bá mi lọ nísinsìnyí. Ẹ ò sì ní fojú kàn án títí wọ́n á fi dá a padà. Wọ́n á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Àwọn tó ti ṣe é, ṣé wọ́n yege?"

"Gbogbo òbí tí mo ti bá jókòó ló mọ ọmọ ẹ̀ dáadáa, mà. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n, títí ọmọ fi ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

Àṣàbí bọ́ sí kọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀ Làmídì tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ògiri òkun. "Bàbá Ẹniìtàn, tó o bá gbọ́ ohùn yìí, má fòyà o, kò sẹ́ni tó kú. Ọmọ ò jẹun. Rárá, ó ń jẹun, àwọn ẹja ló… há, mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Wọ́n ní kí n tẹ ìka, tàbí kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwọ tí o máa ń sọ pé ọmọ yẹn jọ mí délẹ̀délẹ̀, kí ló wà nínú mi, Làmídì? Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Ó pa á rẹ́. Abẹ́ omi ni ọkùnrin náà wà, kò lè gbọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ìpayà lásán ló sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i.

Tó bá tẹ ìka, ọmọ ẹ̀ á sanra bí Rùkáyà, á máa rí i lọ́jọọjọ́ Àìkú. Tí ò bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ṣì í sọ, ó lè pé ọdún kó tó rí i. Èwo nínú méjèèjì ni ìyá fẹ́ mú?

Ó padà wá, ó na ọwọ́ sí ọ̀fun ara ẹ̀, ó bọ́ afinúhàn, ó yọ ti etí náà. "Ẹniìtàn, bọ́ tìẹ. A ó jókòó."

Ó fi abọ́ ìjọba sílẹ̀ níbi tó wà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti fa àwo tánganran ìyá ọkọ ẹ̀ jáde, èyí tí òdòdó pupa ti ṣá lára ẹ̀, tí ò lè sọ̀rọ̀, tí ò mọ ìwọ̀n. Ó bu ìkókórẹ́ sínú ẹ̀, ó fi síbí méjì sí i. Àwo kan, síbí méjì! Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n jókòó sórí ẹní. Anti Jọkẹ́ gbé àpótí ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí ohùn ti wà létí ẹ̀ fún bí ogún ọdún, kí ó wá dákẹ́, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n pa iná mọ́ lójú. Àṣàbí wo ọmọ ẹ̀. Ọ̀fun ẹ̀ ò ní iná kankan, awọ lásán ni, iṣan kan ń lu pì, pì. Kò sí ibòmíì tó lè wò àfi ojú. Ó wá wo ojú. Olúwa! Ìgbà wo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yìí wọlé báyìí? Ètè ẹ̀ gbẹ. Ó di apá mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Àbí ihò ló ń wò?

Ó ń bínú, Àṣàbí rò. Rárá, ó ń tijú. Àbí òun lòun ń tijú, tóun ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn? Ó la ẹnu.

"Ohun tó wà nínú ọmọ mi ni pé…"

Anti Jọkẹ́ tẹ̀ síwájú. Ìyá Rùkáyà di fèrèsé mú.

Àṣàbí pa ẹnu dé. Ó ti fẹ́ẹ́ sọ pé "ọkàn ẹ̀ balẹ̀." Lóòótọ́! Ohùn etí ti kọ́ ọ débi pé bó ṣe bọ́ ọ tán, ahọ́n ẹ̀ ṣì ń kà á lọ.

"Mi ò mọ̀," ó sọ.

"Mà, ẹ rọra. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ ò mọ̀…"

"Anti, mi ò tíì parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè." Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. Ara ẹ̀ ń gbóná, ojú ń tì í bí ẹni tó fẹ́ tú aṣọ lójú títì. "Ẹniìtàn, kí ló wà nínú ẹ?"

Lójú fèrèsé, Ìyá Rùkáyà ní, "Yéè!" Ó bi í! Ìyá ń bi ọmọ ẹ̀ ní gbangba!

Ẹniìtàn wo ìyá ẹ̀ gan-an, ó jọ ìgbà àkọ́kọ́. Ó wolẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀fun ara ẹ̀, ibi tí iná máa ń wà. "Èmi náà ò mọ̀, Màámi. Mo máa ń wo ọrùn mi nínú dígí kí n tó mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àṣàbí lára. Kò mọ ibi tó máa gbà. Ìyá ò mọ̀, ọmọ ò mọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó tì wọ́n. Ojú ẹ̀ wá bọ́ sára ẹja tó sùn sórí pátákó, tó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

"Ó dáa. Ká fi tiwa sílẹ̀ ná. Ẹja yìí, kí lo rò pé ó ń rò?"

"Ẹja? Ẹja ò ní afinúhàn."

"Ìyẹn ni mo ṣe ń bi ẹ́."

"Á máa rò pé òjò oúnjẹ ló ń rọ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á pe àwọn ẹbí ẹ̀. Á ní, ẹ máa bọ̀ kíákíá, Ọlọ́run ti fẹ́ ṣí fèrèsé."

"Ọlọ́run tó wọ súẹ́tà."

Ẹ̀rín já mọ́ Ẹniìtàn lẹ́nu kó tó mọ̀. Àṣàbí náà rẹ́rìn-ín, ó rín in débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ wò wá ná! Òun ń dúpẹ́ nísàlẹ̀, èmi ń dúpẹ́ lókè, ìwọ wà láàárín wa, ìwọ nìkan lò ń…" Kò parí ẹ̀.

"Mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oúnjẹ náà kí n tó dà á," Ẹniìtàn sọ. "Mo mọ bẹ́ ẹ ṣe ń pẹ́ nídìí ẹ̀."

"Mo dúpẹ́ pé o sọ ìyẹn fún mi. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ọmọ náà mú síbí, kò fi bu nǹkan kan, ó kàn ń yí i lọ́wọ́. "Ọjọ́ tí wọ́n se ìkókórẹ́ níléèwé. Mo rí i, inú mi dùn, ọ̀fun mi tan yẹ́lò, ó mọ́lẹ̀ yòò, gbogbo yàrá ìjẹun rí i. Àwọn Abẹ́wẹ̀lá, ọmọ kíláàsì mi, bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Ọsàn. Wọ́n ní, ẹ wo Ọsàn, oúnjẹ ti tan iná sí i. Tí n bá ti ń wọlé, wọ́n á fọwọ́ bo ojú, wọ́n á ní mò ń dán mọ́ àwọn lójú." Ó gbé itọ́ mì. "Mo wá rí i pé tí mi ò bá jẹun, inú á kọ́kọ́ máa ro mí. Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á dákẹ́. Ọ̀fun mi á wá di búlúù, kò ní yẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó tún pè mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà…"

"Èmi náà kí ni? Sọ ọ́."

"Ẹ pe Ìyá Rùkáyà. Ẹ ní kí wọ́n wá wo ọ̀fun ọmọ yín, búlúù bí ojú ọ̀run. Ẹ ní ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún yín ní ọmọ tí nǹkan ò wù."

Lójú fèrèsé, Ìyá Rùkáyà ní jẹ́jẹ́, "Òótọ́ ni. Ó pè mí."

Àṣàbí fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé orí ahọ́n ẹ̀. Ó gbé e mì. Ó béèrè dípò ẹ̀ pé, "Lọ́jọ́ yẹn, kí lo rò pé ó wà nínú mi?"

"Pé tí mo bá tún yẹ́lò, ojú á tì yín."

"Há. Ṣé kí n sọ èyí tó wà níbẹ̀ fún ẹ? Ọdún tí omi dé, tí o ò tíì dáyé, gbòǹgbò ewéko la jẹ. Ìyá mi á ní òun ti yó, á tì í sí mi. Mo mọ̀ pé kò yó. Ìgbà tí mo rí búlúù yẹn lọ́fun ẹ, mo rò pé o yó ni. O yó débi pé o ò tiẹ̀ ro oúnjẹ mọ́. Ohun tí mò ń dúpẹ́ fún nìyẹn, Ẹniìtàn. Mo rò pé mo ti bí ọmọ tí ò ní mọ ebi."

"Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀? N ò sọ ọ́, ìwọ ò bèèrè. A ń wo ọ̀fun ara wa."

Anti Jọkẹ́ wú ikọ́. "Mà, ẹ má bínú. Ó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ báyìí."

Àṣàbí mú ọwọ́ ọmọ ẹ̀. Ọwọ́ náà tutù, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. "Mo rò pé… mi ò mọ̀ ọ́n tán o, Anti, ẹ gbọ́ ìyẹn náà. Mo rò pé kì í ṣe oúnjẹ lọmọ mi ń sá fún. Ó ń sá fún kí wọ́n rí i níbi tí nǹkan ti ń wù ú. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, tàbí kí èmi ìyá ẹ̀ tijú. Ó wá sá, ó sá, ó sá, títí ilẹ̀kùn ò fi rí i mọ́."

"Ẹniìtàn," Anti Jọkẹ́ pè é, "ṣé ohun tó wà nínú ẹ nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọmọ náà wo ìyá ẹ̀, ó wo gíláàsì tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

"Ó kù díẹ̀," Ẹniìtàn sọ.

"Èsì ò yé mi," gíláàsì sọ.

"Dárúkọ ọ̀kan, ọmọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó kù díẹ̀, Anti. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Ó sún mọ́ ọn gan-an. Àmọ́ nǹkan kan ṣì kù, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ wà nílé kí n fi mọ̀ ọ́n."

"Èsì ò yé mi."

Anti Jọkẹ́ dojú gíláàsì náà bolẹ̀ sórí itan ẹ̀. "Òfin ní tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa mú un lọ. Ṣé mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ nínú ilé yìí?" Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú fèrèsé, ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Èmi?" Ìyá Rùkáyà ní. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń yìn mí pé etí mi mú. N ò gbọ́ nǹkan tó jọ ọ́!"

"Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́la. Ohun tó bá ní kó jẹ, díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ má fi ìfẹ́ rọ ọ́ yó lẹ́ẹ̀kan náà, ó léwu. Tó bá dákú, ọsibítù ni o, mà, kì í ṣe ẹní."

Àṣàbí ti kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Anti. Ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹni tó máa bi yín léèrè."

"Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́." Obìnrin náà yára gbé ọwọ́ bo ọ̀fun ẹ̀. Ó ti pẹ́ jù, Ẹniìtàn ti rí i. Òórùn ìkókórẹ́ tó ti ń fà símú látàárọ̀ ti mú iná ẹ̀ tan yẹ́lò fòò, ó ń yọ láàárín ìka.

"Ẹ má bò ó, Anti," ọmọ náà sọ. Kò rẹ́rìn-ín. "Mo mọ bó ṣe ń rí. Màámi, ẹ bu oúnjẹ fún wọn."

Ni Anti Abọ́ bá jókòó, ó jẹun, ó fọwọ́ sílẹ̀, ó jẹ́ kó tàn. Ìyá Rùkáyà rán Rùkáyà pẹ̀lú àwo wá gba ẹja tí wọ́n ṣèlérí. Àṣàbí bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí lò ń rò. Ọmọbìnrin náà wo ojú omi, ó ní, "Omi yẹn mọ́ lónìí." Nígbà tí wọ́n sọ fún ìyá ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó ń tún un sọ lẹ́nu: omi yẹn mọ́, omi yẹn mọ́ lónìí.

Nígbà tí ọkọ̀ funfun ti lọ, ìyá àtọmọ ṣẹ́ kù sórí ẹní. Ẹniìtàn ti bu síbí kan. Kò ju orí síbí lọ. Ó mú un dání, ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún un gbé. Àṣàbí wulẹ̀ ń jẹ tiẹ̀ nínú àwo kan náà, kò sọ pé jẹun, kò sọ pé ó kù. Ó ń ṣòro fún un o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá mọ̀. Nígbà tó pẹ́, síbí náà wọnú ẹnu ọmọ.

"Ó ti tutù," Ẹniìtàn sọ.

"Ṣé kí n gbé e kaná?"

"Rárá. Edé ẹ̀ dùn."

Nísàlẹ̀ ilé, nǹkan ń kan pátákó, gbọ̀, gbọ̀. Àwọn ẹja ti dé, wọ́n ń dúró de òjò wọn.

"Ṣé ilẹ̀kùn á rí mi lọ́la, Màámi?"

"Kò ní rí ẹ lọ́la. Á pẹ́ díẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, èmi á máa sìn ẹ́ dé ibẹ̀, màá dúró tì ẹ́, màá sọ fún un pé èèyàn wà níbí."

Ọmọ náà gbé orí lé e léjìká. Afinúhàn wọn méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n ṣókùnkùn.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi? Kí ló wà nínú yín?"

Látìgbà tí wọ́n ti bí Àṣàbí, kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó gbé ọwọ́ lọ sọ́fun, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ní láti wá a fúnra ẹ̀.

"Ọpẹ́," ó sọ.

"Ọpẹ́ nìkan?"

Àṣàbí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti àwo sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ó kù díẹ̀."